Wi-Fi Pòórá Nínú Kọ̀ǹpútà Mi Mọ́jú

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Òṣogbo níbi tí a ti ń tẹ ìwé, tí a sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ni mo ní, tòkunbọ̀ ni, ọdún kẹta tí mo rà á rèé, kò sì yọ mí lẹ́nu rí. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún mi pé Windows 10 kò ní gba àtúnṣe mọ́, pé kí n bọ́ sí Windows 11, pé ọ̀fẹ́ ni. Mo ń sún un síwájú. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, iná dé, ó sì dúró, mo bá ní kó máa ṣe é lọ, mo lọ sùn.

Nígbà tí mo jí, ó ti ṣe é tán. Ojú rẹ̀ ń dán, gbogbo fáìlì mi pé. Wi-Fi ni mi ò rí. Kì í ṣe pé ó kọ̀ láti wọlé o, mi ò rí i rárá ni. Ibi tí àmì rẹ̀ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, nǹkan roboto kan bí ayé ló wà níbẹ̀. Ráútà wa ń ṣiṣẹ́, torí fóònù mi àti ti àwọn ọmọ ń lò ó.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ní Windows tuntun ti jó káàdì Wi-Fi inú rẹ̀, pé ó tiẹ̀ lè ti ran bọ́ọ̀dù. Ó ní tí mi ò bá lówó káàdì, kí n jẹ́ kí òun nu gbogbo inú rẹ̀, kí òun wá gbé Windows 10 padà síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ oníṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀! Mo ní kó fún mi ní kọ̀ǹpútà mi, mo gbé e padà sílé. Òní ni ọjọ́ kẹfà.

Ṣé òótọ́ ni pé Windows lè jó káàdì? Ṣé kí n jẹ́ kó nù ún ni?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú làákàyè. Bí ẹ ṣe gba kọ̀ǹpútà yín padà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ẹ ti yọ nínú ohun tó burú jù.

Kí n wí fún ẹ̀yin tó kù tó ń kà á pé mi ò dúró de ìwé ìròyìn kí n tó dá ìyá yìí lóhùn. Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ dé ni mo pè é. Ohun tó lé mi ni “ọjọ́ kẹfà” tó kọ síbẹ̀. Tí èèyàn bá ti orí Windows 10 bọ́ sí Windows 11, kọ̀ǹpútà kì í wó ilé àtijọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń tì í pa sínú àpò kan tó ń jẹ́ Windows.old fún ọjọ́ mẹ́wàá. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ẹ lè wọ Settings, kí ẹ tẹ System, kí ẹ tẹ Recovery, ẹ ó rí bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ Go back sí. Á dá yín padà sí Windows 10 pẹ̀lú fáìlì yín lódindi. Kìkì àwọn ètò tí ẹ bá gbé sórí rẹ̀ lẹ́yìn ìyípadà náà ni kò ní bá yín padà. Tí ọjọ́ mẹ́wàá bá ti pé, ilẹ̀kùn tì nìyẹn. Ẹ rí i pé kò sí ìdí kankan láti nu nǹkan kan nù ní ọjọ́ kẹfà. Mo fẹ́ kí ìyá mọ̀ pé ọ̀nà yìí ṣì là sílẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, kí a tó máa wo àrùn.

Ní ti pé Windows jó káàdì: rárá o. Káàdì Wi-Fi lè kú. Omi lè wọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà lè já lulẹ̀ kí wáyà ẹ̀ríàlì rẹ̀ yọ, ooru ọdún gbọọrọ sì lè pa á. Ṣùgbọ́n káàdì tó ń ṣiṣẹ́ di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí a kò wá rí mọ́ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, mi ò ní sọ pé ó kú àfi tí mo bá ti wo gbogbo nǹkan mìíràn tán. Ohun tó yípadà lóru ọjọ́ náà kì í ṣe irin, ètò ni.

Gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, káàdì Wi-Fi o, spíkà o, kámẹ́rà o, ló ní ètò kékeré kan tó ń wà á fún Windows. Driver ni wọ́n ń pè é lójú kọ̀ǹpútà. Èmi kì í yọ ara mi lẹ́nu, dírẹ́bà ni mo ń pè é, torí iṣẹ́ tí dírẹ́bà mọ́tò ń ṣe náà ló ń ṣe. Mọ́tò lè wà nílẹ̀ kó pé pérépéré, tí ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ kò bá mọ jíà, kò ní kúrò lójú kan. Nígbà tí Windows 11 ń wọlé, ó máa ń pààrọ̀ àwọn dírẹ́bà kan fúnra rẹ̀, ó sì máa ń gbé èyí tó rò pé ó bá a mu síbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń bá a mu. Lára tòkunbọ̀ tó ti lo ọdún méje, mẹ́jọ, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì rẹ̀ ti dẹ́kun àti máa tún ètò rẹ̀ ṣe, ó lè má bá a mu. Pàápàá àwọn kọ̀ǹpútà tí Windows 11 kò fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fọgbọ́n gbé e wọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ lára yín ni wọ́n ṣe é fún. Wọn kì í sọ fún oníbàárà pé Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe kankan fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìpè wa ṣe lọ.

Alẹ́ ni. Iná ti lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà ku ìdajì, Táyé ló gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù dání. Mo ní kí ìyá wo ọ̀wọ́ bọ́tìnnì tó wà lókè kíbọ́ọ̀dù pátápátá, kó wá èyí tí wọ́n ya ọkọ̀ òfurufú tàbí òpó rédíò kékeré sí lára. Ó rí i lórí F12. Mo ní ṣé iná kékeré wà níbẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ó pọ́n bí ọsàn. Lórí ọ̀pọ̀ HP, àwọ̀ ọsàn yẹn túmọ̀ sí pé rédíò Wi-Fi wà ní pípa, funfun sì ni tó bá wà ní títàn. Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, F2 ni ẹ ó tẹ̀, tàbí kí ẹ di Fn mú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Dell Latitude àtijọ́ àti ThinkPad àtijọ́ tiẹ̀ ní swíìṣì gidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí níwájú, tó kéré débi pé èékánná lẹ fi ń tì í. Ẹ má fojú di swíìṣì yẹn o. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti nu kọ̀ǹpútà ara mi nù rí nítorí Wi-Fi, mo pàdánù àwòrán ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé Windows tuntun sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí Wi-Fi. Ìgbà tí mo gbé e sókè láti pa eruku ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo rí swíìṣì náà. Àpò tí mo fi ń gbé e kiri ló ti tì í.

Ìyá tẹ F12, àwọ̀ rẹ̀ kò yí. Mo ní, “Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà.” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa á, mo ti tàn án, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.” Mo ní, “Mà, ẹ ò tíì pa á.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mò ń sọ. Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, tí a bá tẹ Shut down, kọ̀ǹpútà kì í sábà kú tán. Ó máa ń kó ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ pamọ́ sórí díìsìkì kó lè tètè jí ní ọjọ́ kejì. Tí àṣìṣe bá wà lára dírẹ́bà nígbà tó ń sùn, àṣìṣe náà ló máa bá jí. Ẹ lè máa pa á lójoojúmọ́ fún oṣù kan kó má yí padà. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Èyí sì ta ko ohun tí gbogbo wa rò, torí lójú tiwa, èyí tó kú pátápátá ni Shut down. Tí ẹ bá fẹ́ kó kú lóòótọ́, ẹ di bọ́tìnnì Shift mú nígbà tí ẹ bá ń tẹ Shut down. Ìyá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá ní kó rí i pé kò sí ṣájà lára rẹ̀, kó fi ìka tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kí iná tó ṣẹ́kù sínú bọ́ọ̀dù lè gbẹ. Táyé ló ń kà á, ó kà á yára jù, a ní kó tún un kà. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ eléyìí ni pé kò ná yín ní kọ́bọ̀, kò sì lè ba nǹkan kan jẹ́. Mo ti rí Wi-Fi tó jí nípa rẹ̀ nìkan.

Tiwọn kò jí. Àwọ̀ ọsàn ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní kó tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ X, kó yan Device Manager nínú ohun tó bá jáde. Orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀, tò bí orúkọ ọmọ kíláàsì nínú ìwé tíṣà. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ dé Network adapters, kó ṣí i. Ó ń ka orúkọ wọn sí mi létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá dákẹ́. Ó ní, “Ọ̀kan wà tó ní Wireless nínú orúkọ rẹ̀. Àmì kékeré kan wà lára rẹ̀, yẹ́lò, bí èyí tí wọ́n máa ń rì mọ́ ojú títì.”

Inú mi dùn. Mo ní, “Mà, káàdì yín kò kú o.” Òkú kì í jẹ́ ìpè. Tí Windows bá lè pe káàdì náà ní orúkọ rẹ̀ gan-an, a jẹ́ pé káàdì ń dáhùn. Àmì yẹ́lò yẹn kàn ń sọ pé ìjà wà láàárín òun àti ẹni tó ń wà á ni. Ìyá tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rọ yìí kò lè bẹ̀rẹ̀, Code 10. Ẹni tó wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò dé ibí yìí rárá.

Nínú fèrèsé kékeré tó ṣí yẹn, abala kan wà tó ń jẹ́ Driver. Roll Back Driver wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n dá dírẹ́bà àná padà. Tí lẹ́tà rẹ̀ bá mọ́lẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó lè parí síbẹ̀. Ti ìyá ṣú, kò ṣe é tẹ̀. A wá gba ọ̀nà kejì, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, tí mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, torí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ Update Driver. Á bi yín bóyá kí òun wá a fúnra òun. Ẹ má dá a lóhùn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀, Browse my computer for drivers, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Let me pick from a list of available drivers on my computer. Kọ̀ǹpútà kì í sábà lé dírẹ́bà àtijọ́ jáde nílé. Yàrá ẹ̀yìn ló máa ń fi í sí. Ìyá rí orúkọ kan náà lórí ìlà méjì, ọjọ́ tó wà níwájú wọn ló yàtọ̀. Èyí tó jẹ́ tuntun ni Windows ń lò. Mo ní kó yan èyí tó jẹ́ àgbà, kó tẹ Next.

Ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ìyá kò tíì sọ̀rọ̀ tí mo fi gbọ́ ohùn Kẹ́hìndé láti ẹ̀yìn: “Mọ́mì, ó ti funfun!”

Ìyẹn ni ti Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan yóò dé ìdí àkójọ yẹn, ẹ ó rí ìlà kan ṣoṣo. Tàbí kí ẹ má rí Wireless kankan lábẹ́ Network adapters, kí ó jẹ́ pé lábẹ́ Other devices ni ẹ ti rí ohun kan tó ń jẹ́ Network Controller pẹ̀lú àmì yẹ́lò. Ìyẹn ni pé Windows rí àlejò lẹ́nu ọ̀nà ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó nílò dírẹ́bà látìta, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni dírẹ́bà sì wà, íntánẹ́ẹ̀tì náà sì ni ẹ ò ní. Ibí ni inú ti máa ń bí èèyàn jù.

Fóònù yín ni yóò gbà yín, kì í ṣe hotspot o, torí hotspot náà Wi-Fi ni. Wáyà ni. Ẹ fi wáyà so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí ibi tí ẹ ti máa ń tan hotspot, ẹ ó rí USB tethering níbẹ̀, ẹ tàn án. Kọ̀ǹpútà yóò gbà á bí ẹni pé wáyà ráútà ni ẹ kì bọ̀ ọ́, Windows sì ti ní dírẹ́bà tirẹ̀ nínú láti ilé. Ohun méjì ló máa ń da èèyàn láàmú nídìí rẹ̀. Èkíní ni wáyà: ọ̀pọ̀ wáyà tí wọ́n ń tà nínú gosíló kò lè ṣe ju kó gbé iná lọ, kì í gbé ọ̀rọ̀. Tí USB tethering bá ṣú tí kò ṣe é tàn, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó bínú sí fóònù. Èyí tó bá fóònù wá nínú páálí ló dára jù. Èkejì ni dátà. Windows tuntun tó bá rí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, bí ẹni tó já ààwẹ̀ ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Kíá, ẹ wọ Settings, Network & internet, Ethernet, kí ẹ tan Metered connection. Èyí tó tún dára ju ìyẹn lọ ni pé tí ráútà bá wà nílé, ẹ jẹ́ kí fóònù wà lórí Wi-Fi rẹ̀ nígbà tí wáyà bá wà lára kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ Android yóò gba Wi-Fi láti ráútà, á sì gbé e gba inú wáyà fún kọ̀ǹpútà, ẹ ò ní ná dátà fóònù rárá. Ẹni tó ní iPhone, kó yá Android aládùúgbò fún wákàtí kan. iPhone ń béèrè ètò tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kó tó gbà, wàhálà lórí wàhálà nìyẹn.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, ẹ lọ sí Windows Update, Advanced options, Optional updates. Tí dírẹ́bà Wi-Fi bá wà níbẹ̀, ẹ fi àmì sí i, ẹ gbà á. Tí kò bá sí, ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ sí i. Tí wọn ò bá ṣe ti Windows 11 fún irú rẹ̀, ti Windows 10 sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ má gba dírẹ́bà lọ́wọ́ àwọn tó ń pariwo pé àwọn yóò tún gbogbo dírẹ́bà yín ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti nu irú ètò bẹ́ẹ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà púpọ̀, kò sì sí èyí tó jáde láìfi ìdọ̀tí sílẹ̀.

Tí ẹ ò bá mọ ẹni tó ṣe káàdì náà, ẹ tẹ Network Controller yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Details, kí ẹ yan Hardware Ids. Ẹ ó rí lẹ́tà àti nọ́ńbà kan tó gùn bí nọ́ńbà mọ́tò. VEN ni kí ẹ wò. Tí ó bá jẹ́ VEN_8086, Intel ni. 10EC ni Realtek, 14E4 ni Broadcom, 168C ni Qualcomm Atheros, 14C3 sì ni MediaTek. Pẹ̀lú ìyẹn nìkan, ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò bá yín wá dírẹ́bà rẹ̀ láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yín.

Tí káàdì kò bá wá sí níbì kankan nínú àkójọ, tí ẹ tẹ View, tí ẹ yan Show hidden devices, tí kò ṣì jáde, ìgbà yẹn ni mo tó lè gbà kí ẹnjiníà ṣí ìdí kọ̀ǹpútà. Kó kọ́kọ́ wo BIOS bóyá wọ́n ti pa Wi-Fi níbẹ̀, kó yọ káàdì, kó tún un kì bọ̀ ọ́ dáadáa. Bó bá sì jẹ́ pé ó kú lóòótọ́, ẹ ò ní láti pààrọ̀ bọ́ọ̀dù. Wi-Fi USB kékeré kan wà tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ẹ kì í bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tán. Ó tiẹ̀ rọrùn ju káàdì inú lọ, torí àwọn HP àti Lenovo àtijọ́ kan kì í gba káàdì tí wọn ò mọ̀.

Àwọn mìíràn, Wi-Fi wọn wà, ó ń rí ti gbogbo àdúgbò, hotspot fóònù wọn nìkan ni kò rí. Ẹ wo inú fóònù: ó ṣeé ṣe kí hotspot wà lórí 5 GHz, kí káàdì kọ̀ǹpútà má sì gbọ́ ju 2.4 GHz lọ. Ẹ yí i sí 2.4. Lórí iPhone 12 sókè, Maximize Compatibility ni orúkọ rẹ̀.

Ti pé ó wọlé ṣùgbọ́n tó ń kọ No internet, ẹ wo ọjọ́ àti aago kọ̀ǹpútà kí ẹ tó wo nǹkan mìíràn. Ojúlé tó bá rí i pé ọdún 2019 ni kọ̀ǹpútà yín wà kò ní ṣílẹ̀kùn. Ẹ yọ VPN àti antivirus tí ẹ rà láti ìgbà Windows 10, kí ẹ tún wò ó. Network reset wà nínú Advanced network settings, ó sì dára, ṣùgbọ́n gbogbo páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi tó wà lórí kọ̀ǹpútà ló máa gbá lọ. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ ná. Tó bá sì jẹ́ pé Wi-Fi yunifásítì tàbí ti ọ́fíìsì ńlá nìkan ló kọ̀ yín, tí ti ilé ń ṣiṣẹ́, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Microsoft fúnra wọn jẹ́wọ́ pé àtúnṣe kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Windows 11 ló dí àwọn kọ̀ǹpútà kan lọ́wọ́ láti wọ irú Wi-Fi bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yí i padà.

Ìyá Ìbejì, ó ku ìbéèrè yín kejì, bóyá kí ẹ padà sí Windows 10. Ní báyìí tí Wi-Fi ti dé, èrò tèmi ni pé kí ẹ dúró. Àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Microsoft ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ní kò ní kọjá oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ki fláàṣì oríṣiríṣi bọ̀ láàárọ̀ lálẹ́, èmi kì bá fi í sílẹ̀ láìní ààbò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sí ibì kan pé dírẹ́bà àgbà lẹ yàn, torí Windows Update lè tún gbé ọ̀dọ́ yẹn padà wá ní ọjọ́ kan. Tí F12 bá tún pọ́n bí ọsàn, ẹ ti mọ ojú ọ̀nà.

Ẹ tún pè mí ní ọjọ́ kejì pé príńtà tó ń lo Wi-Fi kò rí kọ̀ǹpútà mọ́, bẹ́ẹ̀ orí ráútà kan náà ni wọ́n wà. Mi ò gbàgbé, mà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà yín tún ráútà mọ̀ bí ẹni tuntun, ó kà á sí Wi-Fi ìta gbangba, ó sì fara pa mọ́ fún gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi yín nínú Settings, ẹ wọ Properties, kí ẹ yí i láti Public sí Private. Lẹ́yìn náà, kí Táyé pa príńtà, kó sì tàn án padà.